Kírímù àbí áàṣì dúdú? Ilẹ̀ pupa Èkìtì ló máa dáhùn

Láti Báṣírí títí dé Àjílosùn ní Adó-Èkìtì, àwọ̀ méjì ló ń du ara ògiri. Kírímù ni ọ̀kan, àwọ̀ ilé àwọn bàbá tó fi owó kòkó kọ́lé. Èkejì ni áàṣì tó dì, tí àwọn kunlékunlé ń pè ní dípù áàṣì, tó gbòde pẹ̀lú àwọn ilé onípárápẹ́ẹ̀tì, tí ògiri wọn ga bo etí òrùlé. Bí a bá fi wé aṣọ, sányán ni kírímù, ẹtù ni áàṣì dúdú. Aṣọ iyì ni méjèèjì. Kò sẹ́ni tó ń béèrè èyí tó dára jù nínú wọn. Ibi tí ẹ ń wọ̀ ọ́ lọ ni wọ́n á bi yín.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ulé, bí a ṣe ń pè é lọ́dọ̀ wa. Ibi tí ògiri kọjú sí, bí etí òrùlé ṣe yọ jáde tó, àti ohun tó wà nílẹ̀ nídìí rẹ̀, àwọn ló ń sọ àwọ̀ tó máa pẹ́. Káàdì tí wọ́n ń nà síni ní ṣọ́ọ̀bù ọlọ́dà kò ní erùpẹ̀ pupa lára, ọyẹ́ ò fẹ́ lù ú, òjò ò sì pa á rí.

Ẹ jẹ́ ká ti ìdí ògiri bẹ̀rẹ̀. Omi tó ń bọ́ láti etí òrùlé máa ń ta ilẹ̀ padà sára ògiri. Lẹ́yìn òjò ńlá méjì péré, ẹ bẹ̀rẹ̀ sún mọ́ ògiri kírímù tí wọn ò da kóńkéré yí ká. Ẹ ó rí tótòtó pupa tó dì pọ̀ nísàlẹ̀, tó ń fọ́nká bó ṣe ń gòkè, títí tó fi tán ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà méjì sókè. Ẹ fi ìka tútù ra á. Ti òkè á kúrò. Ti ìsàlẹ̀ kò ní lọ, torí pé irin tó ti dípẹtà nínú amọ̀ ló sọ ilẹ̀ wa di pupa, irú ìpẹtà kan náà tí àwọn tó ń ṣe ọ̀dà fi ń pọn ọ̀dà pupa. Lọ́rọ̀ kan, òjò ti bá yín kun ìdí ilé lẹ́ẹ̀kejì láìgba kọ́bọ̀.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ń sáré ṣe ni kí wọ́n fi áàṣì dúdú kun ìsàlẹ̀. Kò ṣiṣẹ́ tó bí wọ́n ṣe rò. Erùpẹ̀ pupa tó bá gbẹ lórí áàṣì dúdú máa ń rí bí ìgbà tí èèyàn da èlùbọ́ sára ẹtù, ẹ ó rí i láti ojú títì. Àwọ̀ tó ń gbé erùpẹ̀ pupa mì ni àwọ̀ tó bá a tan: ṣokoléètì, tàbí pupa bíi yangí. Áàṣì dúdú ṣe é lò nísàlẹ̀ níbi tí ẹ bá ti da kóńkéré tó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta yí ilé ká, tàbí tí ẹ da òkúta wẹ́wẹ́ síbẹ̀, nítorí orí òkúta ni omi á ti fọ́, kò ní rí erùpẹ̀ ta. Láìsí èyí, ẹ má fi owó áàṣì ṣòfò sí ìdí ògiri.

Bí ẹ bá máa fi àwọ̀ méjì pín ògiri, ẹ jẹ́ kí ti ìsàlẹ̀ ga tó sẹ̀ǹtímítà 90. Ó fi díẹ̀ kọjá ibi tí erùpẹ̀ ń ta dé, ó sì sábà máa ń ṣe déédéé pẹ̀lú ìsàlẹ̀ fèrèsé. Òkè ló ń ba ìlà yìí jẹ́ ní Èkìtì. Adó ni o, Ìkéré tó wà lẹ́sẹ̀ Olósùnta ni o, Ẹ̀fọ̀n Aláayè ni o, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè ni ọ̀pọ̀ ilé wa wà. Kunlékunlé tó bá ń wọn 90 láti ilẹ̀ níbi gbogbo máa ya ìlà tó ń yọ́ tẹ̀ lé ilẹ̀, gbogbo ilé á wá dà bí ẹni tó fẹ́ ṣubú. Láti ojú fúlọ́ọ̀ inú ilé ni kí wọ́n ti wọ̀n ọ́n, lẹ́nu ọ̀nà àbáwọlé, kí wọ́n wá fi rọ́bà gígùn tí omi wà nínú rẹ̀ gbé ìwọ̀n náà yí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ká. Bí àwọ̀ ìsàlẹ̀ bá wá ga tó mítà méjì lẹ́yìnkùlé, kò burú. Ìlà ni kò gbọ́dọ̀ yọ́.

Kírímù ni kí wọ́n kọ́kọ́ kùn, kó kọjá ìlà wá sísàlẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 5. Ó di ọjọ́ kejì kí wọ́n tó lẹ tépù, kí wọ́n sì fi èékánná tẹ etí rẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa. Ohun tí ọ̀pọ̀ kì í ṣe rèé: kí dúdú tó kan ògiri, kí wọ́n fi kírímù kan náà kun etí tépù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Bí ọ̀dà kankan bá máa yọ́ wọ abẹ́ tépù, kírímù ni yóò wọ̀ ọ́, á sì ti dí ihò kí dúdú tó dé. Kí dúdú tó gbẹ tán ni kí wọ́n ti fa tépù, kí wọ́n máa ṣẹ́ ẹ padà sórí ara rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń fà á. Tó bá gbẹ mọ́ ọn, yóò ya etí ọ̀dà lọ.

Oòrùn, ìjì àti ìhà tí ògiri kọjú sí

Ògiri ìwọ̀ oòrùn ni mi ò ní gbà kí ẹnikẹ́ni kun ní áàṣì dúdú, bó ti wù kí àwòrán ilé tó rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì dára tó. Oòrùn aago méjì sí aago mẹ́fà ló ń kojú. Kírímù máa ń dá èyí tó pọ̀ jù nínú ìmọ́lẹ̀ yẹn padà. Áàṣì dúdú ń gbé èyí tó pọ̀ jù mì. Búlọ́ọ̀kù náìnì-ínṣì tí ooru ti wọ̀ kì í sì í tú u sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ó di alẹ́ kó tó máa tú u sínú yàrá, nígbà tí ẹ fẹ́ sùn tí iná ò sì sí. Ooru ọ̀sán tún ń fẹ ara ògiri, ìtútù òru ń sún un kì, nítorí náà lára dúdú ni ojú ìsán tín-ín-rín ti kọ́kọ́ ń yọ, pàápàá ní igun fèrèsé.

Ti ògiri àríwá yàtọ̀. Láti nǹkan bí àárín oṣù kẹrin sí ìparí oṣù kẹjọ ni oòrùn ọ̀sán máa ń bọ́ sí ìhà àríwá wa, ìgbà òjò sì nìyẹn, ìkùukùu ló sábà ń bo ojú rẹ̀. Ní gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn, ìhà gúúsù ló máa ń wà. Ògiri àríwá kì í fi bẹ́ẹ̀ rí oòrùn tó máa gbẹ ẹ́ nínú, ibẹ̀ sì ni nǹkan aláwọ̀ ewé tí ń di dúdú tó bá gbẹ máa ń hù sí. Lára kírímù, kì í pẹ́ tí ẹ ó fi rí i. Lára áàṣì dúdú, ó lè wà níbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ kí àlejò tó mọ̀. Áàṣì borí níbẹ̀, mo gbà fún un.

Bí nǹkan náà bá ti hù, ọ̀dà tuntun kò lè pa á. Abẹ́ ọ̀dà ni yóò ti máa ṣe tirẹ̀ títí yóò fi ṣí ọ̀dà kúrò. Ẹ po bílíìsì ìfọṣọ ìwọ̀n kan mọ́ omi ìwọ̀n mẹ́ta, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì pa á sára ògiri, ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀ fún nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú, ẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ sì fún ògiri ní ọjọ́ méjì tí oòrùn wà kó fi gbẹ. Ẹ má po bílíìsì yìí mọ́ ásíìdì tàbí oògùn ìfọlé mìíràn, èéfín tó máa jáde lè pani.

Òjò oníjì tó ń ṣíde ọdún, àti èyí tó ń kádìí rẹ̀, ìhà ìlà oòrùn ló sábà máa ń gbà wá. Ilé tí òrùlé rẹ̀ yọ jáde tó ẹsẹ̀ bàtà méjì sí mẹ́ta lè gbà á mọ́ra. Ilé onípárápẹ́ẹ̀tì kò ní ìbòrí; eruku tí ọyẹ́ kó jọ sórí rẹ̀ ni òjò àkọ́rọ̀ máa wọ́ wálẹ̀. Lára kírímù, á rí bí omijé lójú ẹni tó lé tìróò. Kí ẹ tó fi èyí bínú sí àwọ̀, ẹ pe bíríkìlà. Kó ṣe orí párápẹ́ẹ̀tì náà kó dagun sí ìhà òrùlé, kó jẹ́ kí etí rẹ̀ yọ jáde ní sẹ̀ǹtímítà 5, kó sì fa ojú ihò tẹ́ẹ́rẹ́ sábẹ́ etí náà tí omi á ti máa já sílẹ̀ dípò kó rá mọ́ ògiri. Abẹ́ fèrèsé náà fẹ́ irú ihò bẹ́ẹ̀.

Iyọ̀

Ohun tó ń ba áàṣì dúdú jẹ́ ju oòrùn lọ ni iyọ̀. Iyọ̀ wà nínú sìmẹ́ńtì àti búlọ́ọ̀kù, omi ló ń gbé e jáde. Omi á gbẹ, iyọ̀ á dúró lójú ògiri bí àtíkè. Kírímù máa ń bò ó láṣìírí. Lára áàṣì dúdú, bí máàpù ayé ló ṣe ń rí, pẹ̀lú erékùṣù.

Nǹkan méjì ló sábà ń fà á: yálà wọ́n kun ògiri kó tó gbẹ, tàbí omi ń gùn ún láti ìpìlẹ̀ torí wọn ò fi nǹkan dí ọ̀nà omi nígbà tí wọ́n ń da Jámánì fúlọ́ọ̀, ìyẹn kóńkéré orí ìpìlẹ̀. Fún èkejì, ọ̀dà kọ́ ni iṣẹ́ náà, àwọ̀ yòówù kí ẹ yàn. Fún àkọ́kọ́, sùúrù ni. Ògiri tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ́ gbọ́dọ̀ pé ọjọ́ 28 kí ọ̀dà tó kàn án. Bó bá jẹ́ ìgbà òjò, ẹ jẹ́ kó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ. Ẹ lè dán an wò báyìí: ẹ gé náílọ́ọ̀nù tó mọ́ gaara, ìdajì mítà níbùú lóròó, ẹ fi tépù lẹ etí rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pa mọ́ ògiri, ẹ fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Bí ìrì bá sẹ̀ sínú rẹ̀, ògiri kò tíì ṣetán, ẹ má dá kunlékunlé tó ń kánjú lóhùn.

Iyọ̀ tó bá ti yọ, búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ ni kí ẹ fi gbọ̀n ọ́n. Omi á kàn yọ́ ọ wọlé padà ni. Tó bá dáwọ́ yíyọ dúró, ẹ kun práímà, ìyẹn ọ̀dà ìpìlẹ̀, irú èyí tí agbára sìmẹ́ńtì kò lè jẹ, kí àwọ̀ tó tẹ̀ lé e. Ẹ má sì fi ọ̀dà elépo kun ògiri tútù láé. Agbára sìmẹ́ńtì máa ń sọ epo inú rẹ̀ di ohun tó dà bí ọṣẹ, á máa yọ̀, á sì bó.

Ohun tó wà nínú rọ́bà ọ̀dà

Àṣà kan wà tó yẹ ká fi sílẹ̀: ríra ọ̀dà funfun, ká wá fi tíńtà dúdú sọ ọ́ di áàṣì nílé. Fún kírímù, kò burú. Tíńtà yẹ́lò díẹ̀ àti búráwùn tó kéré sí i ló gbà. Fún áàṣì tó dì, funfun inú ọ̀dà náà kò ní gbà. Ẹ ó máa da tíńtà sí i, á ṣì máa rí bí eérú ìdáná. Kó tó dúdú tó bí ẹ ṣe fẹ́, tíńtà ti pọ̀ ju ohun tó ń di ọ̀dà mọ́ra lọ. Ọ̀dà á gbẹ, á ṣì máa ràn mọ́ aṣọ, òjò àkọ́kọ́ á sì fà á wálẹ̀ ní ìlà-ìlà. Àwọn tó ń ṣe ọ̀dà ní irú èyí tí wọ́n ń fi pilẹ̀ àwọ̀ tó dì, tí funfun inú rẹ̀ kò tó nǹkan. Ibi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ po àwọ̀ ni kí ẹ ti ra áàṣì dúdú. Ó máa ń wọ́n ju kírímù lọ, ẹ fi sínú ìṣirò yín.

Kírímù náà ní ẹ̀tàn tirẹ̀. Lúlúù kan tó wọ́n ló ń fún ọ̀dà funfun lágbára láti bo ògiri, tìtáníọ̀mù ló ti ń wá. Ọ̀dà tí owó rẹ̀ kéré jù máa ń dín in kù, ṣọ́ọ̀kì ló ń fi dípò. Ó máa ń bo ògiri dáadáa lójú bó bá gbẹ, àmọ́ bí òjò bá pa á, ẹ ó rí àwọ̀ àtijọ́ lábẹ́ rẹ̀ kedere. Nítorí náà ẹ kun díẹ̀ sára ìwé ìròyìn, ẹ jẹ́ kó gbẹ, ẹ wọ́n omi sí i. Bí ẹ bá tún lè ka ohun tó wà nínú ìwé náà, ẹ dá rọ́bà náà padà. Ọ̀dà kan náà, tí wọ́n bá sọ ọ́ di áàṣì, ló máa ń ṣe bí ẹni ṣá. Ọ̀pọ̀ ìgbà, àwọ̀ kọ́ ló ṣá o: kábọ́ọ̀nù tí wọ́n fi ń sọ ọ̀dà di dúdú kì í bẹ̀rù oòrùn. Ohun tó di ọ̀dà mọ́ra ni oòrùn ti jẹ, ṣọ́ọ̀kì wá yọ síta. Ẹ fi aṣọ dúdú nu ògiri náà, ẹ ó rí i lára aṣọ.

Ká ṣírò báyìí. Bọ́ńgálò oníyàrá mẹ́ta tó gùn ní mítà 14, tó sì fẹ̀ ní mítà 11, àyíká rẹ̀ jẹ́ mítà 50. Bí ògiri bá ga ní mítà 3, gbogbo rẹ̀ jẹ́ mítà onígun mẹ́rin 150. Ká ní fèrèsé àti ilẹ̀kùn kó 22 lọ, ó ku 128. Ìsàlẹ̀ tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 90, lẹ́yìn tí a yọ ojú ilẹ̀kùn, jẹ́ 43. Òkè jẹ́ 85. Lára ògiri tí wọ́n fi pákó tẹ́jú, tí kò ní síkíríìdì, ìyẹn ìpara tí wọ́n fi ń mú ojú ògiri dán kí wọ́n tó kùn ún, lítà ẹ́mọ́ṣọ̀n (ọ̀dà olómi) kan ń kun nǹkan bí mítà onígun mẹ́rin 8 lẹ́ẹ̀kan. Ní ìgbà méjì, òkè máa gba lítà 21 ó lé díẹ̀, ìyẹn rọ́bà onílítà 20 kan àti gálọ́ọ̀nù onílítà 4 kan. Ìsàlẹ̀ máa gba lítà 11 ó dín díẹ̀, gálọ́ọ̀nù mẹ́ta. Ògiri tó ní síkíríìdì ń dín in kù, lítà kan lè dé mítà 10 sí 12. Texcote, ọ̀dà tí ojú rẹ̀ máa ń rí gbágungbàgun lára ògiri, kò sí nínú ìṣirò yìí rárá, ó nípọn, ó sì ń jẹun.

Kírímù tó ń lọ sórí àwọ̀ dúdú àtijọ́ máa fẹ́ ẹ̀ẹ̀mẹta. Ẹ dá gbogbo rọ́bà àwọ̀ kan náà pọ̀ sínú ike ńlá kan, ẹ rò ó pọ̀, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, torí kì í fi gbogbo ìgbà jẹ́ pé rọ́bà méjì rí bákan náà. Omi inú rọ́bà onílítà 20 kò gbọ́dọ̀ ju lítà 2 lọ ní kíkùn àkọ́kọ́, ìdajì rẹ̀ ní ìkejì. Nínú ọyẹ́, ọ̀dà máa ń gbẹ kí ròlá tó padà wá, ojú ìpàdé á sì yọ lára dúdú bí àpá. Kí ẹni méjì tẹ̀ lé ara wọn, ọ̀kan ní búrọ́ọ̀ṣì létí, ọ̀kan ní ròlá, kí wọ́n má sì dúró mu omi láàárín ògiri. Igun ni wọ́n ti ń sinmi.

Nínú ilé

Inú ilé kò le tó ìta. Kírímù ni kọ́rídọ̀ tí kò ní fèrèsé ń fẹ́, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Bó bá jẹ́ sátíínì, ọ̀dà tó ń dán díẹ̀, ẹ lè fi kànrìnkàn tútù nu ìdọ̀tí ọwọ́ ìdí súwíìsì kúrò. Áàṣì dúdú dára lára ògiri kan ṣoṣo, lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n tàbí níbi orí bẹ́ẹ̀dì. Ẹ má fi kun ògiri tí fèrèsé wà lára rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ ìta á máa gún yín lójú, ògiri náà á sì ṣókùnkùn. Dúdú tí kò dán máa ń gba àmì àga àti èékánná. Dúdú tó ń dán náà máa ń fi gbogbo gbúngbùn-gbùngbun ọwọ́ bíríkìlà hàn, nítorí náà síkíríìdì di dandan kẹ́ ẹ tó lò ó. Ilé ìdáná tí wọ́n ti ń fi igi dáná, ẹ fi ọ̀dà elépo kun ìsàlẹ̀ rẹ̀ dé mítà kan àbọ̀, kó ṣe é fọ̀.

Ẹ má fi káàdì yan àwọ̀. Ẹ ra ìwọ̀n kékeré, ẹ kun mítà kan níbùú lóròó sára ògiri méjì tó kọjú síra, lẹ́ẹ̀mejì, ẹ fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ẹ́mọ́ṣọ̀n tútù máa ń mọ́lẹ̀ ju bó ṣe máa rí tó bá gbẹ, nítorí náà ẹ má bá kunlékunlé jà lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ẹ wò ó láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́ lábẹ́ gílóòbù yín gan-an. Gílóòbù funfun máa ń sọ kírímù di ràkọ̀ràkọ̀, ó sì ń fa búlúù jáde nínú áàṣì. Gílóòbù oníyẹ́lò máa ń mú kírímù rí bíi bọ́tà.

Tí iṣẹ́ bá parí, ẹ tọ́jú lítà kan nínú àwọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi náílọ́ọ̀nù bo ẹnu rẹ̀ kí ẹ tó dé e, ẹ kọ nọ́ńbà àwọ̀ àti ọjọ́ tí ẹ kùn ún sára rẹ̀, kí ẹ sì tún kọ nọ́ńbà náà sẹ́yìn ilẹ̀kùn wọ́dùróòbù, torí pé ike máa ń sọnù. Kírímù tó bá lábàwọ́n, ẹ lè fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré kàn án níbi ìdọ̀tí náà nìkan. Áàṣì dúdú kò gba bẹ́ẹ̀. Ojú àtúnṣe á máa tàn yàtọ̀ títí láé. Láti igun kan dé igun kejì ni ẹ ó tún gbogbo ojú ògiri yẹn kùn, àní bó bá jẹ́ pé ibi tí bọ́ọ̀lù ọmọdé kan bà ni àbàwọ́n náà.